Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi àti Ẹsẹ̀ Aáyán

Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ibi tó wù mí jù láti jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìyànà Ọ̀fà. Ilẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, níbi tí mo ti lè fẹ̀yìn ti pákó rẹ̀ nígbà tí bàbá mi bá ń tẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀, ohun tí mò ń gbọ́ kì í ṣe ohun tí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì ń gbọ́. Orin tí ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi ń tẹ̀ máa ń fò kọjá lórí mi lọ bá ìjọ. Ti ọwọ́ òsì ló máa ń wọ inú pákó, tí á gba inú pákó wọ ẹ̀yìn mi, tí á sì máa kùn nínú egungun mi títí oorun á fi gbé mi lọ. Ohùn ìsàlẹ̀ ni bàbá mi ń pè é. Wọ́n ní àwọn ìjọ kì í mọ̀ pé àwọn ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, gbogbo wọn á yíjú wo dùùrù.

Mo fẹ́ ṣàlàyé èyí dáadáa, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí ẹni tó bá kà á má rò pé orin nìkan ni mò ń sọ. Kì í ṣe orin nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni ilé mi, kì í ṣe yàrá tàbí àgbàlá ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Pákó yẹn ni, tó ń gbọ̀n sí mi lẹ́yìn, àti ìdánilójú pé kò sí ohun tó lè ṣe mí níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbọ̀n. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Hẹ́dìmásítà ni bàbá mi, àwọn náà sì ni onídùùrù ìjọ. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan náà. Nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi, bàbá mi máa ń gbé mi sórí irin kẹ̀kẹ́ wọn, a óò sì wa kẹ̀kẹ́ títí dé Alákìá láti lọ wo ọkọ̀ òfúrufú. A óò dúró lẹ́yìn wáyà pẹ̀lú àwọn yòókù tó wá wòran. Ìyẹ́ ọkọ̀ náà ni gbogbo wọn máa ń wò. Bàbá mi ní kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wo bó ṣe ń na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀," wọ́n á ní, "bí ìyá àgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn gíga."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí tí irin kẹ̀kẹ́ á fi máa dùn mí ní ìdí. Láti ìgbà yẹn, n kò lè rí ohunkóhun tó ń rìn kí n má wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì. Àwọn ará ilé rò pé ẹkùn àti erin ni à ń wò. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo jáde, aáyán ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Olùkọ́ wa jẹ́ òyìnbó kan tí aáyán kì í rí lára rárá. Wọ́n á jẹ́ kó máa rìn lórí ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n fi hàn wá pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni aáyán ní, àti pé bó bá ń rìn, mẹ́ta á dúró gbé e ró, mẹ́ta yòókù á lọ síwájú, lẹ́yìn náà wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó ti wù kó yára tó. Ó dúró bí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nígbà gbogbo.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé orí aáyán kọ́ ló ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Okùn tín-ín-rín kan gba inú ikùn rẹ̀ láti orí dé ìdí, kókó kéékèèké sì wà lórí okùn náà bí ìgbà tí èèyàn bá ta okùn ní kókó. Kókó kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ bá kan òkúta, kókó tirẹ̀ ti gbé e sókè kí orí tó gbọ́ pé òkúta wà níbẹ̀.

Mo bi olùkọ́ wa pé kí ni a fẹ́ fi èyí ṣe. Wọ́n yíjú sí pátákó, wọ́n ya ayé sí igun kan, wọ́n ya òṣùpá sí igun kejì, wọ́n fa ìlà gígùn láàárín wọn. Wọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ń rán ẹ̀rọ lọ sí òṣùpá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ rìn níbẹ̀, láàárín kòtò àti òkúta, ta ni yóò máa sọ fún un pé kó gbé ẹsẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ láti ayé máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀, èsì á sì tún pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Kí a tó gbọ́ pé ẹsẹ̀ ti kan òkúta, ẹ̀rọ ti dojú dé. Bó bá wá jẹ́ ibi tó jìn ju òṣùpá lọ, ìyẹn tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan lókè òkun fi ń rò ó pé ó yẹ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní kókó tirẹ̀ ní ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bíi ti aáyán, kí ẹsẹ̀ lè mọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo tún rí ara mi ní Alákìá lórí irin kẹ̀kẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n dìde nínú kíláàsì kí n sáré lọ sílé lọ sọ fún bàbá mi pé ohun tí wọ́n ní kí n máa wò yẹn, àwọn kan ń fi í ṣe iṣẹ́.

Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, a jókòó sídìí oúnjẹ, ìyá mi sì bi mí pé kí ni mò ń kọ́ báyìí.

"Aáyán ni, mà."

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Aáyán wo?"

"Aáyán náà, mà. Èyí tó ń rìn."

"Èyí tí mò ń fi bàtà pa nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá mi kọjú sí bàbá mi. "Tíṣà, ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ọmọ yín gba yunifásítì lọ láti lọ kọ́ ohun tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Kó ṣáà ti sọ fún mi ni, ǹ bá kó wọn fún un."

"Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀," ni bàbá mi wí. Wọ́n wò mí. "Kí lẹ ń wò lára rẹ̀ gan-an?"

"Iṣan rẹ̀ ni, sà."

"Iṣan." Bàbá mi tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Iṣẹ́ ńlá nìyẹn."

Lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní èdè wa, iṣan ni ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Iṣan náà ni ohun líle tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, tó ń fa egungun. Iṣan náà sì tún ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ láti orí lọ sí ìka, èyí tí mò ń kọ́ lára aáyán. Ní yunifásítì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan pe èkejì máa gba òdo. Nílé wa, orúkọ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́, kò sì sí ẹni tí ìyẹn dí lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi lọ́jọ́ náà, mo fi òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi ṣe àpẹẹrẹ okùn àti kókó. Ó yé wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ìsìn, iṣan náà ni wọ́n sọ, gbogbo ìjọ sì gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ.

Kí n tó jáde nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà kan ti dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti ká ìró sókè dé orúnkún.

"Ẹ̀yin dókítà oníṣan! Ẹ bá mi wo ibí yìí. Pajápajá ò jẹ́ kí n sinmi."

"Mà, kì í ṣe irú iṣan yẹn ni mò ń kọ́. Ti aáyán ni."

"Aáyán?" Wọ́n ronú sí i díẹ̀. "Ṣé kí n lọ̀ ọ́ mọ́ òrí ni, àbí kí n gbé e mì ní tútù?"

"Mà! Ẹ má jẹ ẹ́ o!"

"Ó ti yé mi. Fífi para ni." Wọ́n já ìró sílẹ̀. "Olúwa á tún gbé ọ ga sí i, ọmọ mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí a fi délé, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pè mí ní Ìyá Aláàyán. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà yóò tún padà wá bá mi nílé.

Nígbà òjò ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà wa wá bá mi ní yunifásítì pé ìyá mi ní kí n máa bọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ń kọ nǹkan sára pátákó, ìwé tó wà lọ́wọ́ òsì wọn já bọ́, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, wọ́n na ọwọ́ òsì síwájú bí ẹni pé ìwé ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ òsì yẹ̀ lábẹ́ wọn.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é nílé ìwòsàn. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ padà, pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tò padà. Ọwọ́ ni kò padà. Ó wà lórí itan wọn bí ohun tí àlejò gbàgbé síbẹ̀. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án tí ojú wọn wà níbòmíràn, wọn kì í mọ̀.

Mo ṣe ìdánwò mi, mo yege, mo padà sílé láti dúró de iṣẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, bàbá mi lọ sídìí dùùrù bí wọ́n ṣe máa ń lọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ orin. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń jókòó sílẹ̀, nítorí náà mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù bí ẹni tó ń bá wọn ṣí ìwé orin, mo sì rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé pákó rẹ̀ lẹ́yìn.

Pákó náà dákẹ́.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó ṣe mí kó lè yé èèyàn. Orin ń lọ, ìjọ ń kọ ọ́, bàbá mi wà láàyè níwájú mi, mo sì dúró níbẹ̀ mò ń ṣọ̀fọ̀. Mo tún bínú sí ara mi pé mò ń ṣọ̀fọ̀ nígbà tó yẹ kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ò pa àárò yẹn. Méjèèjì jọ wà nínú mi ni, bí èèyàn méjì tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn akọrin wá kí wa. Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ kòkó, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìkórè ń bọ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"Àlejò máa wá láti Ìbàdàn. Àwọn ará ìjọ Ìrókò pàápàá ní àwọn ń bọ̀. Ẹ má bínú o, àwọn ọkùnrin inú akọrin ń ṣìnà. Wọn ò rí ibi fi ẹsẹ̀ lé nínú orin mọ́. Tíṣà tuntun kan ti dé sí ilé ìwé yín, wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ díẹ̀..."

"Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀." Bàbá mi wo ọwọ́ òsì wọn. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ọmọ mi ti dé. Iṣan ló kọ́."

Olórí akọrin yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni, Dókítà?"

"Sà, iṣan aáyán ni mo..."

"Kò sí iṣan tí kì í ṣe iṣan," ni bàbá mi wí. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe àwàdà. "Ẹ jẹ́ kó di Ìkórè. Bí ọwọ́ yìí ò bá jí kó tó dìgbà náà, ẹ gbé dùùrù fún tíṣà yín, n kò ní sọ nǹkan kan."

Bí àlejò wa ṣe lọ tán, mo wọ yàrá mi lọ jókòó. Mo mọ̀ dájú pé bàbá mi mọ ìyàtọ̀; àwọn ni mo fi òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣàlàyé fún. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ibi ìsádi. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ wọn àti aáyán mi ń gbé ilé kan náà, ọmọ wọn sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́wọ́. Ó wu èmi náà kó rí bẹ́ẹ̀. Ó wù mí débi tí mo fi ń bá ara mi jiyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, rédíò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó sọ̀ sórí òṣùpá. Bàbá mi ní kí n yí ohùn rẹ̀ sókè. Nígbà tí ìròyìn parí, wọ́n bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ń rìn.

"Kò tíì rìn, sà. Ó kàn dúró lórí ẹsẹ̀ ni. Rírìn ni wọ́n ń rò lọ́wọ́." Mo tún sọ ọ̀rọ̀ ayé àti òṣùpá fún wọn, iṣẹ́ tó ń pẹ́ lọ́nà, àti ìdí tí ẹsẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní kókó tirẹ̀.

"Bí mo bá ń tẹ dùùrù," ni bàbá mi wí, "n kì í sọ fún ọwọ́ òsì mi ibi tó máa lọ. Ojú mi wà lára àlùfáà, etí mi wà lọ́dọ̀ akọrin. Ọwọ́ òsì ń dá lọ. Àfi bí ẹsẹ̀ aáyán rẹ."

"Ó jọ ọ́, sà."

"Báyìí, mò ń sọ fún un. Mò ń pariwo mọ́ ọn pàápàá. Kò gbọ́."

"Ọwọ́ yín kọ́ ló bà jẹ́, sà. Ibi tí iṣẹ́ ti ń gbéra ni. Ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró."

"Ó ti lọ sí òṣùpá nìyẹn," ni bàbá mi wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra bi mí, láì wojú mi: "Ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè gba ọ̀nà mìíràn fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i?"

Mo mọ ọ̀nà kan. Mo ti fi bátìrì àti wáyà gbé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ nínú kíláàsì. N kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ́ka sí i gan-an, n kò sì lè pa á mọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí yunifásítì. Olùkọ́ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí dé òpin, wọ́n sì mú àpótí kékeré kan wá, èyí tí wáyà tí a lọ́ pọ̀ wà nínú rẹ̀, tó máa ń sọ agbára bátìrì di ńlá.

"Ọwọ́ á mì," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n má ṣe ìlérí kankan fún wọn."

N kò ṣe ìlérí. Àmọ́ nígbà tí mo gbé àpótí náà dé pálọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ìyá mi ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ kó dán, bí ìgbà tí wọ́n bá ń múra fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Mo gbé ọwọ́ òsì bàbá mi lé aṣọ funfun náà. Mo rẹ òwú sínú omi iyọ̀, mo fi wé ẹnu wáyà méjèèjì, mo sì gbé wọn lé apá wọn nísàlẹ̀ ìgúnpá. Àpótí náà ń kùn bí eṣinṣin nínú ìgò. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sún wáyà síwájú díẹ̀. Kò sí nǹkan. Mo tún sún un, ìka tó kéré jù sì gbéra, èyí tó tẹ̀ lé e bá a gbéra, wọ́n dúró lókè, wọ́n ń gbọ̀n.

"Olúwa mi o!" Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara wọn mú. "Tíṣà! Tíṣà, ó gbéra! Ẹ wò ó!"

"Mò ń wò ó." Ohùn bàbá mi lọ sílẹ̀ púpọ̀. "Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ìyá mi ti ń sunkún, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Aláàyán, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Èmi pàápàá, mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo ti ń rò ó pé bí mo bá rí wáyà mìíràn, bí mo bá rí ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan wà, bí a bá gbé àpótí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ń gbọ́ pákó náà lẹ́yìn mi.

"Ó tó," ni bàbá mi wí. "Mo fẹ́ di ojú mi. Tó o bá tún fẹ́ ṣe é, má sọ fún mi."

Wọ́n di ojú. Mo gbé wáyà lé apá wọn. Ìka méjèèjì gbéra, wọ́n dúró, mo gbé wáyà kúrò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bàbá mi ò mira. Ojú wọn ṣì wà ní dídì, wọ́n gbé etí bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ó yá," wọ́n ní. "Mò ń dúró dè ọ́."

Ìyá mi wò mí. Èmi náà wo ìyá mi.

"Mo ti ṣe é, sà."

"O ti ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó gbéra?"

"Ó gbéra, sà."

Bàbá mi la ojú. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí tábìlì, wọ́n gbé e padà sórí itan wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn. Wọn ò bínú. Ìyẹn ló ṣòro fún mi jù.

"Ìwọ lo gbé e, kì í ṣe èmi," wọ́n ní. "Dùùrù tí mo gbọ́dọ̀ máa bi èèyàn léèrè bóyá mo ti tẹ̀ ẹ́, ìyẹn kì í ṣe dùùrù títẹ̀." Lẹ́yìn náà, bíi tìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní ìṣirò: "Àwọn tó ń kọ́ ẹsẹ̀ fún ẹ̀rọ òṣùpá yẹn, bó o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, sọ fún wọn pé kí ẹsẹ̀ gbéra nìkan ò tó. Kó mọ̀ pé òun kanlẹ̀."

Wọn ò dúró de Ìkórè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí olórí akọrin pé kí wọ́n gbé dùùrù fún tíṣà tuntun. Ìyá mi ká aṣọ funfun náà. Mo dá àpótí padà. Olùkọ́ mi bi mí bó ṣe rí, mo ní ọwọ́ mì. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń ya ẹsẹ̀ irú ẹ̀rọ òṣùpá yẹn sínú ìwé mi, àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yà. Mo máa ń ya àmì kéékèèké sí i lára, ibi tí ó ti máa mọ ilẹ̀, kí n tó ya ohun tó máa gbé e sókè.

Lọ́jọ́ Ìkórè, iṣu àti àgbàdo kún iwájú pẹpẹ, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín ìyá mi àti èmi. N kò rí wọn níbẹ̀ rí láyé mi. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ìwé orin ṣe. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n tún gbé e fún mi.

Tíṣà tuntun náà tẹ̀ ẹ́ dáadáa. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ti padà, ó kún, kò ṣì í tẹ̀, ó kàn yára díẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ, ó sì dà bí ìgbà tí èèyàn rí ẹlòmíràn nínú ẹ̀wù bàbá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin akọrin ń lé e kiri, wọn ò bá a.

Ní ẹsẹ kejì orin ni mo gbọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá mi ń kọrin. Ẹni tó ń tẹ dùùrù kì í ráyè kọrin, nítorí náà n kò gbọ́ orin lẹ́nu wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Ohùn wọn há díẹ̀, ó ń gbọ̀n níbi tó bá ti gùn, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ni ìrìn ọwọ́ òsì wọn, kò yára, ó ń tẹ ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Olórí akọrin bojú wẹ̀yìn. Mo rí i tí wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi dùùrù sílẹ̀, wọ́n bá ohùn bàbá mi lọ. Àwọn ọkùnrin yòókù tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó fi di ẹsẹ kẹta, tíṣà tuntun náà ti wo ẹ̀yìn, ó sì ti dín ìrìn rẹ̀ kù láti dúró dè wọ́n.

Ìjọ wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n mo jókòó ti bàbá mi, mo sì fẹ̀yìn ti bẹ́ńṣì. Pákó rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, láti ara bàbá mi. Ó jọ ọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ pákó dùùrù yẹn, mo tẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn dáadáa, mo di ojú mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó jọ ọ́ gan-an.

Nígbà tí mo la ojú, mo wo ọwọ́ òsì wọn lórí itan wọn. Bí orin ṣe ń lọ ni mò ń wò ó, bí mo ṣe máa ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú ní Alákìá kó tó kanlẹ̀. Orin parí. Ìjọ jókòó. Mo ṣì ń wò ó.